Ohun Tí Aṣọ́lé Wa Wí

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gba ọ̀rọ̀ yìí bí mo ṣe gbé e kalẹ̀. Ìwé mi kò jìnnà. Ọdún mẹ́rin péré ni mo fi jókòó sílé ẹ̀kọ́, ní Savalou, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi, kí wọ́n tó ní kí n padà sí Bantè wá ran ìyá mi lọ́wọ́. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níbẹ̀. Yorùbá tí mo ń kọ yìí, inú ìwé orin ìjọ àti etí rédíò ni mo ti ṣà á jọ. Ìṣà, ẹ̀ka Yorùbá ti ìlú wa, ni a ń sọ nílé wa, ó sì lè yọ́ wọlé níbì kan. Bí ẹ bá rí ibi tí ó wọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ, ẹ má pè mí jáde láti wá ṣàlàyé. Ojú máa ń tì mí tí wọ́n bá pè mí síwájú èèyàn. Ojú tó ń tì mí yìí gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ jẹ́.

Mo ń kọ ọ́ nítorí pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Bantè báyìí kọ́ ló rí. Bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni lónìí nípa ọjọ́ tí àwọn Savalou wá nà wá ní bọ́ọ̀lù nílé wa, yóò ní, "Háà, èmi ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọmọ yẹn kò mọwọ́ mẹsẹ̀." Irọ́ ni. Mo wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àfi èmi àti ẹnì kan, àwa méjèèjì la sì panu mọ́.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló wà tí gbogbo Bantè ń bá yọ̀. Mo ní wọ́n ń bá a yọ̀. N kò ní wọ́n ń bá a sunkún. Bí ẹgbẹ́ náà bá borí, "A ti nà wọ́n" ni ìyá àgbà tí kò dé pápá rí yóò máa wí. Bí wọ́n bá nà wọ́n, ìyá àgbà kan náà yóò ní, "Àwọn ọmọ wọ̀nyí, kí ni wọ́n tilẹ̀ ń sá kiri inú oòrùn fún?"

Ìdíje ọdún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, àwọn ọmọ wa ti lọ sí Lougba, wọ́n sì gbá bọ́ọ̀lù méjì sí wọn láwọ̀n. Bọ́ọ̀lù méjì péré o, nínú ìdíje tí yóò gbà wá títí di ìgbà ìkórè kajú. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ wọn tó padà dé, a ti gba ife-ẹ̀yẹ. Pirẹsidáǹ, ìyẹn olórí àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́, lọ bá káfíńtà pé kó kan àpótí onígíláàsì tí wọn yóò gbé ife náà sí. Káfíńtà bi í pé, "Báwo ni ife náà ṣe ga tó?" Pirẹsidáǹ gbé ọwọ́ sí àyà, ó rò ó, ó tún gbé e dé àgbọ̀n. "Fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lókè," ó ní, "nítorí ti ọdún tó ń bọ̀."

Onísẹ́mù ni Pirẹsidáǹ yìí, ìyẹn ni pé alùpùpù ló fi ń kérò láti Bantè lọ sí àwọn abúlé. Fèrè kan máa ń wà lọ́rùn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Bó bá ń kérò lọ, a máa fọn ọ́ fún ewúrẹ́, a sì máa bínú bí ewúrẹ́ kò bá dúró.

Ẹni tó ra aṣọ fún ẹgbẹ́ náà ni Bàbá Elésáǹsì. Ará Nàìjíríà ni, epo ọkọ̀ tí à ń pè ní èsáǹsì ló ń tà, nínú ìgò àti nínú àgbá, lẹ́bàá títì tó lọ sí Savalou. Yorùbá tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí Ìṣà wa, ṣùgbọ́n a ń gbọ́ ara wa. Faransé ni kò wọ̀ ọ́ létí. Ogún ọdún ló ti lò láàárín wa. "Bọ́ńjúù" ni Faransé rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì parí sí. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, òun ló sì máa ń gbàdúrà fún àwọn ọmọ wa kí wọ́n tó wọ pápá.

Òun náà ló lọ mú aṣọ́lé tuntun wá láti Savalou lọ́dún náà, ẹni tí yóò máa dúró sẹ́nu àwọ̀n kí bọ́ọ̀lù má bàa wọlé. Ọmọ Máhì, ẹ̀yà tó ń gbé Savalou, ni, ó ga bí ọ̀pá tí wọ́n fi ń ká máńgòrò, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìṣà tó gbọ́ kò ju "ẹ káàárọ̀" àti "ìgò mélòó?" lọ. Lójú ọ̀sẹ̀, ó ń rọ epo fún àwọn oníbàárà Bàbá. Yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ló ń sùn sí. Ìyá tó bí i ti kú, ilé bàbá rẹ̀ kò sì gbà á mọ́ láti ìgbà tí ìyàwó tuntun ti débẹ̀. Nítorí náà iṣẹ́ rẹ̀, ibùsùn rẹ̀ àti oúnjẹ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló so mọ́ àwọ̀n yẹn.

Èmi ń ta dùǹdú. Lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù, àwọn tó gbọ́n ń tà níbi tí èrò pọ̀ sí. Èmi a máa gbé bàsíà mi lọ sẹ́yìn àwọ̀n, nítorí kò sí ẹni tí yóò bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì ń gbá bọ́ọ̀lù níwájú mi gan-an. Òun ló ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọ̀tá níwájú aṣọ́lé. Kò lọ sílé ìwé rárá. Bàbá wa ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ mú ọkọ́, ẹ̀gbọ́n mi sì mú un.

Ọjọ́ Àìkú ni àwọn Savalou dé, nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó iṣu lọ sí ọjà. Erùpẹ̀ iṣu ṣì wà ní ìdí ṣòkòtò wọn. Aṣọ wọn kò bára mu: àwọn kan wọ búlúù, àwọn kan wọ ohun tó ti jẹ́ búlúù rí. Ẹnì kan fi okùn di bàtà rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Àánú wọn ṣe àwọn èèyàn wa. Pirẹsidáǹ fúnra rẹ̀ wá ra dùǹdú lọ́wọ́ mi, ó lọ pín in fún wọn.

"Ẹ jẹun dáadáa o, ẹ̀yin àlejò," ó ní. "Ẹkún kò ṣe é sun lórí ebi."

Wọ́n dúpẹ́, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n lá ọwọ́.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá Elésáǹsì kó àwọn ọmọ wa jọ, ó lu agogo rẹ̀, ó gbójú sókè. "Olúwa," ó ní, "jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọlé lónìí! Bó pẹ́ bó yá, jẹ́ kó wọlé! Kí ẹnikẹ́ni má lè dí i lọ́nà!" Gbogbo pápá ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, ní ohùn kékeré.

Láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ wa ń ṣeré ni. Mo ní ṣeré, nítorí n kò mọ ohun tí ǹ bá tún pè é. Ẹni tí bọ́ọ̀lù bá kàn yóò kọ́kọ́ fi dá àrà, yóò wo ẹ̀gbẹ́ bóyá wọ́n ń wò ó, kó tó rántí pé àwọ̀n wà níwájú. Mẹ́tìrì, ìyẹn olùkọ́ ilé ìwé tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù, jókòó sórí àga pẹ̀lú ìwé kan tó ya ọfà sí káàkiri. Ọfà ń lọ sápá kan, àwọn ọmọ ń lọ sápá kejì. Àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìgbà tó bá wù wá la máa jẹ àwọn àlejò.

Ó kù díẹ̀ kí eré parí nígbà tí ẹni tó fi okùn di bàtà yẹn gbá bọ́ọ̀lù kan sókè láti ọ̀nà jíjìn. Kò gbá a dáadáa. Bàtà rẹ̀ bọ́, ó fò tẹ̀lé e. Bọ́ọ̀lù ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún bọ̀, kò le, ọmọdé lè gbé e. Ẹ̀gbọ́n mi ń sá bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó kọjú sí àwọ̀n wa, ó ti na ọrùn láti fi orí kàn án síta. Aṣọ́lé jáde, ó la ọwọ́ méjèèjì, ó pariwo:

"Laisse!"

Faransé ni. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní Savalou, bí ọmọ kan bá fọwọ́ kan ẹfun tí olùkọ́ fi ń kọ̀wé, ohun tí olùkọ́ máa ń wí nìyẹn. "Fi í sílẹ̀" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi yẹra kí òun gbé bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn Máhì, ọ̀rọ̀ náà kì í gé bó ṣe ń gé lẹ́nu àwọn Faransé. Ó máa ń wọ́ ìrù díẹ̀ lẹ́yìn. Létí ẹ̀gbọ́n mi, tí kò gbọ́ Faransé kankan, "Lẹ́sẹ̀!" ló jẹ́. Ohun tó yé e ni pé aṣọ́lé ní kí òun má fi orí kàn án mọ́, ẹsẹ̀ ni kí òun fi gbá a.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe aláìgbọràn. Ó gbé orí kúrò, ó gbé ẹsẹ̀, ó fi gbogbo agbára tó fi ń kọ ebè gbá a. Bọ́ọ̀lù gba abẹ́ abíyá aṣọ́lé kọjá, ó na àwọ̀n títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bàsíà mi.

Mo gbọ́ tí epo ń kán lára dùǹdú. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù náà ń wá bàtà rẹ̀ nínú koríko. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní láti lọ sọ fún un pé ó ti wọlé.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe nà wá, ọ̀kan sí òdo, nílé wa. Wọ́n kó sínú ọkọ̀ iṣu wọn, wọ́n ń kọrin lọ.

Oòrùn kò tíì wọ̀ tí Pirẹsidáǹ fi fọn fèrè pe ìpàdé sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má lọ sílé títí a ó fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo èèyàn ló sì ti mọ̀. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni pé ohun tí wọ́n mọ̀ kò bára mu.

"Eérú ni wọ́n fi fa ìlà pápá," ọkùnrin kan wí. "Nígbà tiwa, ẹfun ni. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa ò mọ eérú."

"Eérú kọ́! Ẹ ò rí i pé wọ́n ya fọ́tò kí wọ́n tó wọ pápá? Ta ní ń ya fọ́tò ìṣẹ́gun kó tó ṣẹ́gun?"

"Oúnjẹ ni!" obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn. "Ebi ló yẹ kó pa àwọn àlejò yẹn. Ta ló fún wọn ní dùǹdú?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo fi aṣọ bo bàsíà mi bí ẹni pé òun ló dẹ́ṣẹ̀. N kò lè ní Pirẹsidáǹ ló rà á. Pirẹsidáǹ náà kò ní òun ló rà á. Ó fọn fèrè, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ sórí ohun tó kàn."

Ohun tó kàn ni káfíńtà. Inú rẹ̀ kò dùn. Ó ti gé pákó àpótí. Ó kọjú sí Bàbá Elésáǹsì.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Nínú àdúrà yín, ẹ ní kí bọ́ọ̀lù wọlé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ò sọ ilé tí kó wọ̀."

"Ìwọ, ṣé kí n máa júwe ọ̀nà fún Ọlọ́run ni? Ṣé kò mọ̀ pé Bantè ni mò ń gbé?"

"Ó mọ̀, Bàbá. Ilé yín náà ló wọ̀."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Elésáǹsì kò rẹ́rìn-ín. Ó wo yíká bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò sọ ẹrù kan kalẹ̀ sí. Ẹnì kan tún ní, "Ìwé ọfà Mẹ́tìrì ńkọ́?" Mẹ́tìrì ká ìwé náà, ó fi í sórí àga, ó jókòó lé e.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi bọ́ síwájú. Ó ń sunkún, ẹkún gidi sì ni.

"Ẹ̀yin ará ìlú, orí ni mo fẹ́ fi kàn án. Ẹ̀yin náà rí i. Òun ló ní lẹ́sẹ̀! Ó ní lẹ́sẹ̀!"

"Ta ni?"

"Aṣọ́lé!"

"Aṣọ́lé ló ní kí o fi ẹsẹ̀ gbá a sínú àwọ̀n wa?"

"Lẹ́sẹ̀ ni mo gbọ́. Mo ṣe ohun tó wí."

Ẹ̀mí gbogbo èèyàn balẹ̀. Mo rí i bó ṣe balẹ̀. Eérú, fọ́tò, dùǹdú, àdúrà, ọfà, gbogbo rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ará Savalou ni aṣọ́lé, Savalou ló nà wá. Kí ni wọ́n tún ń wá?

Wọ́n tì í jáde síwájú. Kò tíì yé e dáadáa ohun tí wọ́n ń wí. Nígbà tó yé e, ó ní, "Mo wí..." Ìṣà rẹ̀ sì tán síbẹ̀. Ó fi ọwọ́ lu àyà. "Èmi, laisse. Laisse, mo wí."

"Ẹ gbọ́!" Pirẹsidáǹ fò sókè. "Ó jẹ́wọ́! Ó ní lẹ́sẹ̀ ni òun wí!"

"A ò nà án kó tó jẹ́wọ́ o! Gbogbo yín ẹ jẹ́rìí!" ẹlòmíràn ké.

Nígbà tó rí i pé Faransé ń pa á, ó sáré bọ́ sínú èdè tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Máhì ń lò bí wọ́n bá fẹ́ ní kí èèyàn fi nǹkan sílẹ̀ ni "jó." Mo gbọ́ ọ tó nígbà tí mo wà ní Savalou, ọmọ kan kò lè yà sẹ́nu ìkòkò kí àwọn ìyàwó ilé má sọ ọ́ fún un. "Jó!" aṣọ́lé ń wí, ó ń ju ọwọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún láti fi hàn bí èèyàn ṣe ń ju nǹkan sílẹ̀. "Jó! Jó!"

"Ẹ wá wò ó," ìyá kan wí. "Wọ́n nà wá tán, ó ní ká jó."

"Òun fúnra rẹ̀ ti ń fi apá jó o!"

Àwọn tó gbọ́ Máhì wà níbẹ̀, àwọn tí ń lọ ra iṣu ní Savalou ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Àwọn ló ń rẹ́rìn-ín jù.

Mo wo Mẹ́tìrì. Faransé ni iṣẹ́ rẹ̀. Mo rí i tó la ẹnu, mo sì rí i pé ó mọ̀. Ó wo aṣọ́lé. Ó wo èrò. Ó wo igun ìwé ọfà tó yọ síta lábẹ́ ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá dá aṣọ́lé láre, ta ló kù? Ó pa ẹnu dé, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Ọ̀ràn náà díjú," ó ní. "Ó díjú gan-an."

N kò lè bú u. Èmi náà mọ̀. Mo ro bí gbogbo ojú yẹn yóò ṣe tún yí sọ́dọ̀ mi. Mo ro pé ẹ̀gbọ́n mi ni wọn yóò máa fi ṣe ẹlẹ́yà dípò rẹ̀. Dùǹdú mẹ́fà ló ṣẹ́kù nínú bàsíà. Mo tò wọ́n, mo tú wọn ká, mo tún wọn tò.

Bàbá Elésáǹsì dìde. Ó ti rí ibi tí yóò sọ ẹrù kalẹ̀ sí. "Ẹni tó lè ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá kò lè ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù mi," ó ní. "Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lọ́la, kó kó ẹrù rẹ̀."

Pirẹsidáǹ nawọ́ sókè. Ó ní nítorí ìfẹ́ tí òun ní sí ẹgbẹ́, òun fúnra òun ni yóò fi alùpùpù òun gbé e lọ sí Savalou, lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àtẹ́wọ́ àkọ́kọ́ tí a pa lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Nílé, ìyá mi din ẹyin fún ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rọ̀ ti dé bá a. Àwọn aládùúgbò ń wá kí i bí ẹni tí ejò bù jẹ tí kò kú. "Pẹ̀lẹ́ o. O gbọ́ràn ni, ìgbọràn ló fà á." Ó ń dáhùn, ó ń jẹ ẹyin. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló dé?"

"Ẹ... ṣé ẹ fẹ́ omi?"

"Omi wà níwájú mi." Ó wò mí. "Àbí ìwọ náà wà lẹ́yìn àwọ̀n? O gbọ́ ohun tó wí?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Ṣé lẹ́sẹ̀ kọ́ ló wí?"

"Bó ṣe dún nìyẹn, ṣùgbọ́n..."

"Ó tán!" Ó ti dìde, ó ti na ọrùn kọjá ògiri sí ilé kejì. "Ẹ̀yin ará ibí, àbúrò mi náà gbọ́ ọ o! Kò sí ẹni tó sún mọ́ ibẹ̀ tó o! Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í sọ̀rọ̀, tó bá ti sọ ọ́, òótọ́ ni!"

"Háà!" wọ́n ní lọ́hùn-ún. "Tí èyí bá sọ ọ́, ó ti parí."

Èmi tí n kò la ẹnu lábẹ́ igi máńgòrò wá di ẹlẹ́rìí. Kí n tó fọ abọ́ tán, ọ̀rọ̀ tí mo sọ ti dé ìdí títì, ó sì ti sanra. Wọ́n ní mo rí i tó ṣẹ́jú sí àwọn Savalou. N kò jẹ ẹyin tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi. Mo ronú nípa yàrá kékeré ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn, àti ibi tí Pirẹsidáǹ yóò sọ ọ́ kalẹ̀ sí ní Savalou. Yóò sọ ọ́ kalẹ̀ ní ìdí ọkọ̀, yóò ní ó dàbọ̀. Lẹ́yìn náà ńkọ́?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí n tó bẹ iṣu kankan, mo gba títì lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Elésáǹsì. Mo ń to ọ̀rọ̀ lẹ́nu lọ lójú ọ̀nà. Màá kúnlẹ̀. Màá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Faransé." Mo sọ ọ́ títí ó fi dùn lẹ́nu mi. Nígbà tí mo débẹ̀, gbogbo rẹ̀ tú.

Àpò ìrẹsì kan wà nílẹ̀ níta, ẹrù aṣọ́lé wà nínú rẹ̀, ìbọ̀wọ́ tó fi ń mú bọ́ọ̀lù wà lókè. Òun fúnra rẹ̀ lóṣòó, ó ń fọ ìgò. Wọ́n ti ní kó máa lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kó má fọ ìgò. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti àdúrà òwúrọ̀ dé. Aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò wọ bàtà, bí wọ́n ti ń ṣe nínú ìjọ wọn.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ìgò mélòó?"

"Rárá, Bàbá."

"Rárá? Kí lo wá rà?"

Mo ń fi ìka fa ìlà sí ilẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó tẹ̀ láti mú àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kàn án tí mo fi sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, bí aṣọ́lé ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ìrù rẹ̀:

"Laisse!"

Bàbá fò sẹ́yìn. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ó ká aṣọ funfun dé orúnkún. "Kí ló wà lẹ́sẹ̀ mi? Àkekèé ni? Níbo ló wà?"

"Kò sí nǹkan kan lẹ́sẹ̀ yín, Bàbá." Ilẹ̀ ni mò ń sọ ọ́ fún, n kò lè wo ojú rẹ̀. "Faransé ni. Ó ní kí ẹ fi í sílẹ̀."

"Kí n fi kí ni sílẹ̀?"

"Bọ́ọ̀lù."

Bàbá dúró bẹ́ẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan, ó di àgbá epo mú. Aṣọ́lé ti dìde pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́, omi ń kán sílẹ̀. Bàbá nàka sí i.

"Ìwọ. Wí i."

Ẹ̀rù bà á. Ọ̀rọ̀ yẹn ti dá a lẹ́jọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wò mí, mo mi orí sí i.

"Laisse," ó ní, wẹ́rẹ́.

Ojú Bàbá tún lọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rí i fúnra rẹ̀ pé ojú òun lọ síbẹ̀. Ó sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ilẹ̀ kò dá lójú. "Ọlọ́run mi," ó ní. Ó tẹ̀, ó gbé àpò ìrẹsì náà, ó gbé e wọnú yàrá ẹ̀yìn fúnra rẹ̀.

Mo gbọ́ alùpùpù Pirẹsidáǹ tó ń bọ̀ lókèèrè. N kò dúró. Mo gbọn eékún mi, mo gba ẹ̀yìn àwọn àgbá epo kọjá, mo lọ sílé lọ bẹ iṣu.